Ibi tí ẹ̀kọ́ ìpòògùn ń gbé ọmọ Nàìjíríà lọ

Ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ìmọ̀ ewé àti egbò tí wọ́n fi ń ṣe oògùn ni Maurice Iwu, ẹni tó jẹ́ alága àjọ elétò ìdìbò INEC nígbà tí Nàìjíríà dìbò yan ààrẹ ní 2007. Julius Adelusi-Adeluyi, ọmọ Adó-Èkìtì tó dá ilé ìtajà oògùn Juli sílẹ̀, padà kọ́ ìmọ̀ òfin, ó di lọ́yà, ó sì ṣe mínísítà ètò ìlera ní 1993. Mojisola Adeyeye fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ni ní fásitì l'Amẹ́ríkà kí ìjọba tó pè é wá darí NAFDAC, àjọ tó ń ṣàkóso oúnjẹ àti oògùn, ní 2017. Ní Fásitì Ìbàdàn, Iruka Okeke ń wádìí ìdí tí oògùn ò fi ran àwọn kòkòrò àrùn kan mọ́. Adebayo Alonge, tó kàwé jáde ní fásitì yẹn kan náà, wà lára àwọn tó dá ilé iṣẹ́ kan sílẹ̀ tó ń ṣe ẹ̀rọ ìfọwọ́mú tó ń tú àṣírí ayédèrú oògùn. Iṣẹ́ wọn ò jọra rárá, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ kan náà ni gbogbo wọn fi bẹ̀rẹ̀: ẹ̀kọ́ ìpòògùn.

Síbẹ̀, bí ọmọ bá rí ààyè wọ ẹ̀ka ìpòògùn ní fásitì, ohun tí ọ̀pọ̀ òbí àti ará àdúgbò ń rò kò ju ọ̀kan lọ: ó máa ṣí kẹ́míìsì. Bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fúnra wọn bá jókòó sọ ohun tó wà lọ́kàn wọn, ọ̀rọ̀ náà fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn kan fẹ́ wà ní wọ́ọ̀dù pẹ̀lú dókítà. Àwọn kan ń fojú sọ́nà fún fámásì tiwọn. Àwọn mìíràn ń wo ilé iṣẹ́ tó ń ṣe oògùn, NAFDAC, tàbí yàrá ìwádìí. Ọ̀pọ̀ ló sì ti ń ka ìwé ìdánwò òkè òkun kí wọ́n tó parí ọdún àṣekágbá. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ohun tí ọ̀nà kọ̀ọ̀kan ń béèrè lọ́wọ́ èèyàn yàtọ̀ síra, ọdún méjì àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìwé ẹ̀rí ló sì sábà máa ń pinnu ibi tí oníkálukú máa já sí.

Kí wọ́n tó pè ọ́ ní apòògùn

Ọdún 5 ni wọ́n fi ń gba dígírì ìpòògùn ní Nàìjíríà tẹ́lẹ̀. Àwọn fásitì ti ń bọ́ sínú ètò PharmD báyìí, tó ń gba ọdún 6. Fásitì Benin ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní orílẹ̀-èdè yìí. Ohun tí ètò tuntun náà fi kún ti àtijọ́ ni pé akẹ́kọ̀ọ́ ń pẹ́ sí i ní wọ́ọ̀dù, ó ń rí aláìsàn lójúkojú, kò sì fi gbogbo ọjọ́ rẹ̀ sí yàrá kẹ́mísírì. Ní ilẹ̀ Yorùbá, Ifẹ̀ ló ṣáájú nínú kíkọ́ ìpòògùn ní fásitì. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Ìbàdàn, Èkó àti Fásitì Olabisi Onabanjo tí ẹ̀ka ìpòògùn tirẹ̀ wà ní Ṣàgámù, kí àwọn fásitì aládàáni tó dara pọ̀.

Ìwé ẹ̀rí nìkan ò tó láti fi ṣiṣẹ́. Àjọ tó ń ṣàkóso iṣẹ́ apòògùn, PCN, tí òfin 2022 tún fún lágbára, ni yóò búra fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde. Lẹ́yìn ìbúra, ọdún kan gbáko ni wọ́n á fi ṣe ìkọ́ṣẹ́ lábẹ́ apòògùn àgbà, níbi tí PCN fọwọ́ sí: ilé ìwòsàn, ilé iṣẹ́ oògùn, tàbí fámásì. Wọ́n á tún jókòó ṣe ìdánwò ìforúkọsílẹ̀, èyí tó dá lórí òfin àti ìṣe iṣẹ́ náà. Ẹni tó bá yege nìkan ló lè gba ìwé àṣẹ. Ọdún agùnbánirọ̀ ṣì ń dúró dè é lẹ́yìn ìyẹn.

Ibi ìkọ́ṣẹ́ yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń há. Àwọn ilé ìwòsàn ńlá bíi UCH ní Ìbàdàn àti LUTH ní Ìdí-Àràbà máa ń san owó oṣù fún àwọn tó ń kọ́ṣẹ́, iye tí wọ́n lè gbà sì ní ìwọ̀n. Àwọn tó ń wá ààyè ju ààyè tó wà lọ. Ọmọ tó ti búra tán lè kọ ìwé sí ilé ìwòsàn mẹ́ta, mẹ́rin, kó lọ ṣe ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò káàkiri, kó sì jókòó sílé fún oṣù púpọ̀. Kò lè ta oògùn fúnra rẹ̀, nítorí kò tíì ní ìwé àṣẹ. Kò lè lọ sin ilẹ̀ bàbá rẹ̀ bí apòògùn tó pé, nítorí ìkọ́ṣẹ́ ló yẹ kó ṣáájú.

Níbi tó bá ti rí ààyè, ibẹ̀ ni ojú rẹ̀ ti máa ń là. Ẹni tó lo ọdún yẹn ní wọ́ọ̀dù ọmọdé á jáde pẹ̀lú ìfẹ́ wọ́ọ̀dù. Ẹni tó lò ó níbi tí wọ́n ti ń tẹ oògùn oníhóró á mọ ẹ̀rọ. Ẹni tó lò ó ní fámásì tó wà létí títì á mọ ọjà, á mọ gbèsè, á sì mọ bí aláìsàn ṣe ń sọ̀rọ̀ nígbà tí dókítà ò sí níbẹ̀.

Apòògùn ní wọ́ọ̀dù

Nínú ilé ìwòsàn, kíka oògùn sínú ọ̀rá ni apá tó kéré jù nínú iṣẹ́ apòògùn. Ẹ jẹ́ ká mú aláìsàn kan tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, tí kíndìnrín rẹ̀ sì ti ń rẹ̀ ẹ́, tó tún ń lo ibuprofen nítorí orúnkún tó ń dùn ún. Ibuprofen yẹn lè gbé ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sókè, ó sì lè pa kíndìnrín náà lára sí i. Apòògùn tó bá ka gbogbo oògùn tó wà nínú fáìlì rẹ̀ pọ̀ ló máa rí i, tó sì máa lọ bá dókítà kí wọ́n jọ wá òmíràn. Bákan náà ni gentamicin. Ìwọ̀n ara aláìsàn àti bí kíndìnrín rẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́ ló ń sọ iye tó yẹ kó gbà. Bó bá pọ̀ jù, etí aláìsàn lè di.

Apòògùn ilé ìwòsàn tún ń po oògùn jẹjẹrẹ nínú yàrá tí wọ́n pa mọ́ kúrò lọ́wọ́ ìdọ̀tí àti atẹ́gùn òde. Ó ń sọ oògùn oníhóró di olómi fún ìkókó tí kò lè gbé nǹkan mì. Òun náà ló ń rí i pé oògùn ò tán lórí àtẹ.

Ẹni tó bá fẹ́ gòkè nínú iṣẹ́ yìí lè forúkọ sílẹ̀ ní Kọ́lẹ́ẹ̀jì Àwọn Apòògùn Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, tí olú ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Yábàá, kó ṣe ìdánwò ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ níbẹ̀. Ní 2020, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ipò kọnsọ́táǹtì fún apòògùn nínú iṣẹ́ ọba. Awuyewuye ò tíì tán lórí rẹ̀ láàárín àwọn dókítà àti àwọn òṣìṣẹ́ ìlera yòókù, ilé ìwòsàn kọ̀ọ̀kan sì ní bó ṣe ń ṣe é. Fún akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gbèrò iṣẹ́ wọ́ọ̀dù, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé àkàbà ti wà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé gbígùn ún lè pẹ́ níbì kan ju ibòmíràn lọ.

Fámásì àdúgbò

Òwò yìí ti pẹ́ l'Ékòó. Ní 1887 ni Richard Zaccheus Bailey ṣí ilé ìtajà oògùn sí òpópónà Balógun. Ní 1971 ni Adelusi-Adeluyi bẹ̀rẹ̀ Juli. Ọdún 15 lẹ́yìn rẹ̀ ni ilé iṣẹ́ náà wọ ọjà ìpín ìdókòwò, òun sì ni ilé iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí ọmọ Nàìjíríà fúnra rẹ̀ dá sílẹ̀ tó débẹ̀. Bukky George bẹ̀rẹ̀ HealthPlus ní 1999. Joke Bakare, apòògùn bíi tirẹ̀, dá Medplus sílẹ̀. Àwọn obìnrin méjèèjì yìí yí ojú tí ọ̀pọ̀ ará ìlú fi ń wo fámásì padà: iná tó mọ́lẹ̀, ẹ̀rọ amúlétutù, apòògùn tó dúró síbẹ̀ láti dáhùn ìbéèrè, àti ẹ̀ka káàkiri ìlú.

Òfin sọ pé kò sí fámásì tó lè ṣí láìní apòògùn tó forúkọ sílẹ̀ tó ń bójú tó o. Kẹ́míìsì kékeré tó wà ní kọ̀rọ̀ àdúgbò ní tirẹ̀ lè jẹ́ ti ẹni tí kò kàwé ìpòògùn rárá. Ìwé àṣẹ rẹ̀ yàtọ̀, oògùn tí wọ́n gbà á láàyè láti tà sì níye. Ará ìlú kì í sábà mọ ìyàtọ̀ náà. Nígbà tí ibà bá mú ọmọ lóru, ibi tó bá súnmọ́ ni wọ́n ń sáré lọ.

Nǹkan kan wà tó ń dùn àwọn àgbà iṣẹ́ yìí. Ọ̀dọ́ apòògùn kan lè fi ìwé àṣẹ rẹ̀ forúkọ fámásì sílẹ̀ fún oníṣòwò, kó gba owó ọdún, kó sì bá tirẹ̀ lọ. Wọn ò ní rí i níbẹ̀ mọ́ títí ọdún á fi yí po. Ọmọ títa tí kò mọ ju orúkọ oògùn lọ ni yóò máa dá aláìsàn lóhùn. PCN ka èyí sí ẹ̀ṣẹ̀, ó sì ń fìyà jẹ ẹni tí ọwọ́ bá tẹ̀. Owó kékeré ni ọmọ náà rí gbà. Bí ẹnikẹ́ni bá gba oògùn tó pa á lára ní ṣọ́ọ̀bù yẹn, orúkọ tirẹ̀ ló wà lórí ògiri.

Ẹni tó fẹ́ ṣí fámásì tirẹ̀ nílò owó tó pọ̀: owó ilé, firíìjì tí kò gbọdọ̀ kú nítorí insulin àti abẹ́rẹ́ àjẹsára, epo jẹnẹrétọ̀, àti oògùn tí owó rẹ̀ ń lọ sókè. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ fi ń bá ẹlòmíràn ṣiṣẹ́ fún ọdún mélòó kan ná. Àǹfààní iṣẹ́ yìí ṣì lè pọ̀ ju bó ṣe wà lónìí lọ. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti oṣù kìíní 2024, apòògùn àdúgbò lè yẹ èèyàn wò fún àìsàn 7, lára wọn ọ̀fun dídùn, etí dídùn ọmọdé àti àkóràn ilé ìtọ̀ obìnrin, kó sì fún un ní oògùn tó yẹ láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ lọ rí dókítà. Ní ìlú tí èèyàn ti ń tò láti àárọ̀ kùtùkùtù kó tó rí dókítà, ètò bẹ́ẹ̀ yẹ ní ohun tí àwọn aláṣẹ Nàìjíríà ń gbé yẹ̀ wò.

Ilé iṣẹ́ tó ń ṣe oògùn

Ọ̀tà, Ìkẹjà àti Ìsọlọ̀ ni ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ oògùn ní ìhà gúúsù ìwọ̀-oòrùn kó jọ sí. Stella Okoli, tó kọ́ ìpòògùn ní Bradford, fi ṣọ́ọ̀bù oògùn kékeré bẹ̀rẹ̀ Emzor l'Ékòó ní 1977. Lónìí ilé iṣẹ́ náà wà lára àwọn tó tóbi jù ní orílẹ̀-èdè yìí. Fidson àti May & Baker ní ilé iṣẹ́ ní Ọ̀tà.

Apòògùn tó bá wọ ibẹ̀ lè wà nídìí ẹ̀rọ, lè wà nínú yàrá àyẹ̀wò, tàbí kó jẹ́ ẹni tó ń kó ìwé jọ láti fi gba nọ́ńbà NAFDAC fún oògùn tuntun. Ohun tí yàrá àyẹ̀wò wà fún hàn kedere ní 2008. Oògùn olómi kan tí wọ́n ń pè ní My Pikin, tí àwọn ìyá ń fún ọmọ tó ń hu eyín, ti ní diethylene glycol nínú, májèlé tó ń ba kíndìnrín jẹ́. Ó ti ara èròjà kan tí kò mọ́ wọlé, wọn ò sì rí i kí oògùn náà tó dé ọjà. Ọmọ 84 ló kú. Àyẹ̀wò tí kò gba ọ̀pọ̀ àkókò lórí èròjà yẹn ì bá ti dá a dúró lẹ́nu ọ̀nà.

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ apòògùn ń rí ní ilé iṣẹ́ oògùn ni ti aṣojú: ẹni tó ń ti ilé ìwòsàn kan bọ́ sí òmíràn, tó ń ṣàlàyé oògùn ilé iṣẹ́ rẹ̀ fún dókítà àti apòògùn. Owó rẹ̀ máa ń dára, mọ́tò sì lè wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀nà náà mì tìtì ní 2023. Ní oṣù kẹjọ ọdún náà, GSK, ilé iṣẹ́ oògùn òkè òkun tó ti wà ní Nàìjíríà fún ọ̀pọ̀ ọdún, kéde pé òun ń lọ. Kí ọdún tó parí, Sanofi náà sọ pé òun á máa fi oògùn òun rán alágbàtà. Iṣẹ́ lọ, owó inhaler ikọ́ fée sì fò sókè ní fámásì.

Ní oṣù kẹfà 2024, Ààrẹ Bola Tinubu buwọ́ lu àṣẹ kan tó mú owó ibodè àti owó orí kúrò lórí ẹ̀rọ àti èròjà tí wọ́n fi ń ṣe oògùn. Àwọn aláṣẹ ti pẹ́ tí wọ́n ń sọ pé nǹkan bí ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún oògùn tí Nàìjíríà ń lò ló ń ti òkè òkun wá. Bí àṣẹ yẹn bá mú kí ilé iṣẹ́ ilẹ̀ yìí ṣe oògùn sí i, ọwọ́ àwọn apòògùn ni iṣẹ́ náà máa bọ́ sí: ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń po, bí wọ́n ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò, àti bí wọ́n ṣe ń pa á mọ́ kí ooru má bà á jẹ́.

Àwọn tó ń ṣọ́ oògùn

Dora Akunyili ló mú kí ọ̀pọ̀ ọmọ fẹ́ kọ́ ìpòògùn. Ìtàn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ nínú ilé wọn. Ní 1988 ni àbúrò rẹ̀ obìnrin tó ní ìtọ̀ ṣúgà kú lẹ́yìn tó gba ayédèrú insulin. Láti 2001 títí di 2008 ni Akunyili fi darí NAFDAC. Ó dáná sun oògùn búburú ní gbangba, ó ti ọjà pa, ó sì mú kí ará ìlú máa wo nọ́ńbà ara páálí kí wọ́n tó rà. Ní oṣù kejìlá 2003, àwọn agbébọn yìnbọn sí mọ́tò rẹ̀, ọta sì gba inú gèlè orí rẹ̀ kọjá. Kò fi iṣẹ́ sílẹ̀.

Iṣẹ́ náà ń tẹ̀ síwájú. Ní 2022, àjọ ìlera àgbáyé WHO gbà pé NAFDAC ti dé ìpele kẹta nínú ìpele 4 tí wọ́n fi ń wọn àjọ tó ń ṣàkóso oògùn. Ní oṣù kejì 2025, àjọ náà ti àwọn ọjà oògùn ńlá pa ní Ìdúmọ̀tà, Onitsha àti Aba láti wá ayédèrú àti oògùn tó ti kọjá ọjọ́. Apòògùn tó bá wọ irú iṣẹ́ yìí lè wà ní ẹnubodè, ní yàrá àyẹ̀wò, tàbí níbi tí wọ́n ti ń gba ìròyìn nípa oògùn tó ṣe aláìsàn ní ibi. Nàìjíríà ti wà nínú ètò àgbáyé lórí ìròyìn yẹn láti 2004.

Àwọn àjọ aládàáni tó ń pín oògùn HIV, ibà àti ikọ́ ẹ̀gbẹ tún ń gba apòògùn láti máa ṣètò ìpamọ́ àti ìpínkiri oògùn. Ọ̀pọ̀ owó iṣẹ́ náà ń ti Amẹ́ríkà wá. Nígbà tí ìjọba ibẹ̀ dá owó ìrànwọ́ dúró ní oṣù kìíní 2025, ìpayà dé bá àwọn tó ń jẹun lára rẹ̀. Ẹni tó ń gbèrò ọ̀nà yìí gbọ́dọ̀ mọ̀ pé àdéhùn ọdún kan tàbí méjì ló sábà máa ń jẹ́.

Ewé, egbò àti kòkòrò

Ọ̀nà tó kàn Yorùbá jù lọ ni ti ìwádìí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, Abayomi Sofowora àti akẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé omi tí wọ́n yọ lára egbò orin ata, igi tí àwọn àgbà ń rún lẹ́nu, lè mú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ tó ti tẹ̀ nítorí àrùn fòníkú-fọ̀ladìde padà sí bó ṣe yẹ kó rí, nínú ìgò àyẹ̀wò. Ọ̀jọ̀gbọ́n Sofowora fi iṣẹ́ ewé yìí gbajúmọ̀ káàkiri àgbáyé láti Ifẹ̀.

Ìtàn kejì tún wà. Oníṣègùn ìbílẹ̀ kan, Rev. P. O. Ogunyale, ní oògùn fún àrùn yẹn kan náà. Èso iyèré, kànáfùrù, igi osùn àti ewé ọkà bàbà ló wà nínú rẹ̀. Ó fi han NIPRD, ilé ìwádìí oògùn ìjọba àpapọ̀ ní Abuja, níbi tí Charles Wambebe ti darí ìwádìí rẹ̀. Ó di Niprisan. Ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà kan, Xechem, gba ẹ̀tọ́ láti ṣe é, wọ́n sì gbé e jáde ní 2006 pẹ̀lú orúkọ Nicosan. Ní 2008 ilé iṣẹ́ náà wọ gbèsè, àwọn tí oògùn náà ń ràn lọ́wọ́ ò sì rí i rà mọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá wo ìtàn yìí dáadáa á rí i pé ìwádìí kọ́ ló kùnà. Ẹni tó mọ òwò oògùn, ẹni tó mọ ìwé àṣẹ àti ẹni tó lè máa ṣe é lọ́pọ̀ yanturu ní ilé yìí ni kò tó.

Iṣẹ́ Iruka Okeke kàn wá lójoojúmọ́. Ifẹ̀ ló ti gba dígírì ìpòògùn àti ìwé ẹ̀rí ọ̀mọ̀wé. Ó kọ́ni l'Amẹ́ríkà, ó sì padà wá sí Ìbàdàn ní 2014. Òun àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ń ka àbùdá àwọn kòkòrò tí antibáyọ́tíìkì ò ran mọ́, láti mọ ibi tí wọ́n ti ń wá àti bí wọ́n ṣe ń tàn. Ìṣirò àwọn onímọ̀ fi hàn pé irú àkóràn bẹ́ẹ̀ ló pa èèyàn mílíọ̀nù 1.27 lágbàáyé ní 2019, ilẹ̀ Áfíríkà tó wà nísàlẹ̀ Sàhárà ló sì kàn jù.

Ọ̀nà Adebayo Alonge tún yàtọ̀. Ó kù díẹ̀ kí ayédèrú oògùn pa á nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́. Ẹ̀rọ RxScanner tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ń tan ìmọ́lẹ̀ sí ara oògùn, ó ń fi ohun tó rí wé àwòrán oògùn gidi tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó sì ń fi èsì ránṣẹ́ sórí fóònù. Ní 2019 wọ́n gba ẹ̀bùn €100,000 ní Paris nínú ìdíje Hello Tomorrow. Ẹni tó mọ oògùn tó sì tún mọ kọ̀ǹpútà ń rí iṣẹ́ tí kò sí nínú ìwé àwọn olùkọ́ rẹ̀.

Ìdánwò òkè òkun

Jápa, ìyẹn kíkó lọ sí òkè òkun, wà lẹ́nu ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́, ó sì yẹ kí wọ́n mọ ohun tó ń dúró dè wọ́n. Ẹni tó ń lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì máa ṣe OSPAP, ẹ̀kọ́ ọdún kan ní fásitì tí àjọ GPhC fọwọ́ sí, lẹ́yìn náà ìkọ́ṣẹ́ ọ̀sẹ̀ 52, lẹ́yìn náà ìdánwò ìforúkọsílẹ̀. Èyí á jẹ́ ìkọ́ṣẹ́ kejì fún ẹni tó ti ṣe ti Nàìjíríà. Owó ilé ẹ̀kọ́ kò kéré, àpò ara ẹni ló sì ń ti jáde. Ètò tuntun ibẹ̀ ń fún àwọn tó bá forúkọ sílẹ̀ láti 2026 ní ẹ̀tọ́ láti kọ oògùn fún aláìsàn, bí dókítà.

Fún Amẹ́ríkà, ẹni tó bá jáde lẹ́yìn ìbẹ̀rẹ̀ 2003 gbọ́dọ̀ ti ka ìpòògùn fún ọdún 5 ó kéré tán. Yóò ṣe ìdánwò FPGEE àti ìdánwò èdè Gẹ̀ẹ́sì TOEFL. Ìpínlẹ̀ tó bá fẹ́ gbé á béèrè iye wákàtí ìkọ́ṣẹ́, kó tó ṣe NAPLEX tí àwọn ọmọ ibẹ̀ náà ń ṣe. Kánádà ní tirẹ̀ ń lo àjọ PEBC: ìdánwò kan láti mọ̀ bóyá ẹ̀kọ́ rẹ̀ tó tiwọn, lẹ́yìn náà òmíràn tó pín sí apá ìwé àti apá tí wọ́n ti ń wò ó bó ṣe ń bá aláìsàn sọ̀rọ̀.

Àwọn tó rìn ín já wà ní fámásì Lọ́ńdọ̀nù, Houston àti Toronto, wọ́n sì ń ṣe dáadáa. Àwọn mìíràn ń ṣe iṣẹ́ olùrànlọ́wọ́ fún ọdún púpọ̀ kí wọ́n tó yege ìdánwò. Ẹni tó bá ti ní ìwé àṣẹ Nàìjíríà àti ọdún mélòó kan nínú iṣẹ́ kó tó lọ ní ohun tó lè fi hàn, ó sì ní ibi tó lè padà sí.

Ibi tí àtúnṣe ti lè bẹ̀rẹ̀

Akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kẹta tàbí kẹrin lè ṣe nǹkan kan láìná owó púpọ̀. Ó lè lo ìsinmi ọdún kan ní fámásì, òmíràn ní ilé iṣẹ́ oògùn tàbí yàrá ìwádìí olùkọ́ rẹ̀, kó fojú ara rẹ̀ rí iṣẹ́ náà kó tó yàn. Ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìpòògùn, PANS, ní ẹ̀ka ní àwọn fásitì tó ń kọ́ ìpòògùn. Àwọn ẹgbẹ́ apòògùn àdúgbò, ti ilé ìwòsàn, ti ilé iṣẹ́ àti ti olùkọ́ sì wà lábẹ́ PSN, ẹgbẹ́ tó ti wà láti 1927. Ọ̀pọ̀ àgbà inú wọn máa ń dáhùn bí ọmọ bá fi ọ̀wọ̀ béèrè.

Apá tó wúwo jù wà lọ́wọ́ àwọn aláṣẹ. Ìjọba ń fẹ́ kí àwọn ilé ẹ̀kọ́ ìlera gba ọmọ sí i. Bí iye ààyè ìkọ́ṣẹ́ ò bá pọ̀ sí i bákan náà, ṣe ni wọn ó máa kó ọmọ tó kàwé ọdún 6 jọ síwájú ilẹ̀kùn tí kò ṣí. Àwọn ilé ìwòsàn ìjọba ìpínlẹ̀ nílò apòògùn ní òru àti ní ọjọ́ ìsinmi. Àwọn ilé iṣẹ́ tí àṣẹ 2024 yọ owó ibodè kúrò fún lè gba àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí apá kan nínú ohun tí wọ́n máa fi san oore náà padà. PCN lè máa gbé iye ààyè tó wà ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan jáde lọ́dọọdún, kí ọmọ tó ń gbaradì láti búra mọ ibi tó yẹ kó kọ̀wé sí, kí àwọn òbí tó ń san owó ilé ẹ̀kọ́ sì lè rí i pẹ̀lú ojú ara wọn bóyá iye tí wọ́n ń gbà wọlé àti iye tí wọ́n ń gbà síṣẹ́ bára mu.